Ojú Tí Wọ́n Gé Lára Bánà

Títí Rodiat fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ojú rẹ̀ kò já a kulẹ̀ rí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ní Ìsẹ́yìn pé ọmọ yìí rẹwà, òun náà sì gbà wọ́n gbọ́. Láràárọ̀, kí ó tó kúrò nílé ní Ìsọlọ̀ lọ sí ilé-ìwé aládàáni tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósimi ní Okota, á dúró níwájú dígí ara kọ́bọ́ọ̀dù, á wé híjáàbù rẹ̀, á fi àtíkè kan imú, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara rẹ̀, ó di ọ̀nà. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ya òun ní fọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yà á, kámẹ́rà iwájú fóònù ló sì ń lò, èyí tó ń fi ojú hànni bí dígí ṣe ń fi í hàn gan-an.

Ìyáàfin Adéjùmọ̀kẹ́ tó ni ilé-ìwé náà, tí gbogbo olùkọ́ ń pè ní Mọ́mì, ló dá ọ̀rọ̀ bánà sílẹ̀. Wọ́n ní kí fọ́tò gbogbo olùkọ́ wà lára bánà ńlá kan lẹ́nu géètì, kí àwọn òbí tó ń wá ibi tí wọ́n máa fi ọmọ sí lè rí àwọn tí yóò máa tọ́jú ọmọ wọn. Fọtógíráfà kan wá, ó to àwọn olùkọ́ sí ìdí ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sún mọ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ àṣírí, ó yà wọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ. Rodiat rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà náà bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí dígí. Ó tiẹ̀ ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni òun máa dára jù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n gbé bánà náà kọ́, ó ti òkèèrè rí i, inú rẹ̀ dùn, ó yára rìn. Nígbà tó dé ìdí rẹ̀, ó wá ojú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ó rí Diamond, ọmọbìnrin tó ń kọ́ kíláàsì tó tẹ̀lé tirẹ̀, tí ẹ̀rín rẹ̀ tàn bí òwúrọ̀. Ó rí àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ló rí orúkọ tirẹ̀ lábẹ́ fọ́tò obìnrin kan.

Ẹyinjú obìnrin náà kan kéré sí èkejì, bí ẹni pé oorun ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Imú rẹ̀ gbòòrò, ó yọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ti inú bánà jáde. Híjáàbù Rodiat ló wé. Àmì dúdú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu Rodiat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu tirẹ̀ náà, àmọ́ ó ti sún sí apá ibi tí Rodiat kò rí i rí. Rodiat wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí aṣọ ya mọ́ lára láàárín ìgboro.

"Àǹtí Rodi, ẹ ti rí bánà wa?" Diamond ni, ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú báàgì lọ́rùn. "Ó wù mí gan-an. Ẹ tún wá jọ ara yín dáadáa!"

Rodiat wò ó lójú, ó ń wá ibi tí ẹ̀fẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò rí i, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó wọlé lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn fún un. Ó ra ìbòmú, ó ń fi bo ẹnu àti imú wọ ibi iṣẹ́, ó ní òtútù ń mú òun. Tí òbí kan bá ní, "Àǹtí, a rí yín lójú títì o," á fa ìbòmú náà sókè. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó lọ bá Mọ́mì ní ọ́fíìsì wọn, ó bẹ̀ wọ́n pé ṣé wọn ò lè tún tòun yà.

Mọ́mì gbé awò ojú wọn sókè. "Kí ló ṣe é?"

"Kò jọ mí ni, mà."

"Rodiat, ìwọ náà kọ́ nìyẹn?" Mọ́mì rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Nígbà tó délé, ó dúró pẹ́ níwájú dígí. Obìnrin inú dígí dára bó ṣe máa ń dára. Ó ní, ta ló wá ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì yìí? Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé bánà ni. Fọtógíráfà yẹn kò mọṣẹ́, àbí ẹnì kan ló ní kí ó bà á jẹ́. Bó ṣe ń rò ó ni inú ń bí i sí i.

Ọ̀sán Sátidé, òjò ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, àdúgbò ilé-ìwé dá páro. Rodiat ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ ra nǹkan lọ́jà. Wọn ò gbé bánà náà ga; ẹni tó bá na ọwọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ á tó o. Ó yọ réésà láti inú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gé obìnrin yẹn yíká, orúkọ nìkan ló fi sílẹ̀. Ó ká a, ó tì í sí abẹ́ híjáàbù. Nígbà tó padà délé, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, lábẹ́ àwọn ìró tí kì í ró mọ́. Ó rò pé wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ló fà á ya, tàbí àwọn ọmọ àdúgbò. Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, èrò ti kún ẹnu géètì kí ó tó débẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n yà fún un bí wọ́n ṣe ń yà fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mọ́mì dì í mọ́ra.

"Rodiat, ta lo ṣẹ̀?"

"Mà?"

"Wo ibi tí ojú rẹ wà!"

Ihò onígun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ògiri funfun ń yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ihò náà gbàgàdà. Ìyá Dúrósinmí, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì Rodiat, ti ká ọwọ́ lérí. "Wọn ò fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn o! Ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n mú. Wọ́n fẹ́ lọ lò ó ni. Ohun tí ayé ń fi fọ́tò ṣe nísinsìnyí, ẹ ò mọ̀ ni?"

Rodiat la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn, Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, Mọ́mì sì ti gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ti ń gbàdúrà, àwọn olùkọ́ ń ṣe àmín kíkankíkan. Ó di ojú rẹ̀, òun náà ṣe àmín.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó lọ sinmi nílé. Àwọn olùkọ́ fẹnu kò pé àwọn máa gbààwẹ̀ fún un. Ìyá Dúrósinmí gbé ọbẹ̀ ẹja wá sí Ìsọlọ̀ nínú abọ́ ńlá, ó ní kí ó jẹun dáadáa kí ara rẹ̀ lè lágbára. Rodiat jẹ ẹ́.

Ọkọ rẹ̀, Sherifdeen, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Apakun, kò lọ ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó ti aya rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. "Ìyá Lateefah, ta lo rò pé ó ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, Dádì Lateefah."

"Ronú dáadáa."

"Mo ní mi ò mọ̀."

Ìyá rẹ̀ pè láti Ìsẹ́yìn, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ti fi fọ́tò bánà oníhò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n Rodiat lórí Wasáàpù, ẹ̀gbọ́n sì ti fi han màmá. "Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Mo ti dé ọ̀dọ̀ Àfáà. A ti ṣe àdúà. Ohun ibi yòówù kí ẹni yẹn fi ojú rẹ gbèrò, a ní kí ó padà sórí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e."

"Ẹ ṣé, mà," ni Rodiat lè sọ.

Nígbà tó fi máa padà síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti rí ẹni tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé Mọ́mì fẹ́ fi ẹnì kan ṣe olórí àwọn olùkọ́ jẹ́léósimi, Rodiat àti Diamond sì ni orúkọ wọn ń jáde. Olùkọ́ kan wá rántí pé òun gbọ́ tí Diamond ń sọ fún Rodiat nídìí bánà pé ó jọ ara rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Mọ́mì pe gbogbo wọn jọ sí kíláàsì tó tóbi jù. Wọ́n ní kí Diamond kúnlẹ̀ láàárín, wọ́n gbé Bíbélì fún un.

Diamond kò tíì pé ọdún méjì nílé-ìwé náà. Ọ̀dọ̀ Rodiat ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó di Bíbélì náà mọ́ àyà.

"Mọ́mì, mi ò ṣe é. Kí ni mo fẹ́ fi ojú wọn ṣe?" Ó yíjú. "Àǹtí Rodi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ mí."

Gbogbo ènìyàn yíjú sí Rodiat. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ó tiẹ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, ó ń gbọ́ adùn kíkorò rẹ̀ lórí ahọ́n. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi nu ojú. Wọ́n rò pé ẹ̀dùn ọkàn ló ń pa á. Olùkọ́ kan gbá a mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ rà á lẹ́yìn. "Ẹ má sunkún mọ́, Àǹtí."

Diamond búra. Síbẹ̀ Mọ́mì ní kí ó máa lọ sílé ná títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ó kó báàgì rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Rodiat kọjá láì wò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ lọ́jọ́ yẹn, tí Lateefah ọmọ wọn ṣì wà ní ilé kéwú, Rodiat wọ yàrá, ó tú àpótí, ó mú ojú yẹn jáde, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú ọkọ rẹ̀. Kò lè gbé ojú sókè. "Èmi ni mo gé e," ló wí, ó sì sọ bí wọ́n ṣe lé Diamond lọ sílé nítorí rẹ̀.

Sherifdeen wo fọ́tò náà, ó wo aya rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́. "Nítorí kí ni?"

"Ẹ ò rí i ni? Ẹ wo ojú. Ẹ wo ẹnu bó ṣe wọ́. Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ń wò ó. Kí ló ṣe é? Fọtógíráfà yẹn kàn sún mọ́ ọ jù nígbà tó ń yà á ni, imú rẹ ò tóbi tó yẹn. Ìyókù, ìwọ ni."

"Èmi kọ́!" Ohùn rẹ̀ ga. Ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó mú un dé iwájú dígí ara kọ́bọ́ọ̀dù. "Èmi nìyí. Ẹ wò ó. Ṣé èyí ló jọ ìyẹn?"

Sherifdeen tẹ ojú mọ́ dígí náà bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ìwé tí kò mọ̀. "Ká sọ òótọ́, Ìyá Lateefah," ló wí, "èyí tó wà níbí yìí ló ṣàjèjì sí mi. Ó jọ ọ́ o, bí àbúrò rẹ ṣe lè jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Rodiat fẹ́ bínú. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi dá a lóhùn ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ọkọ rẹ̀ nínú dígí. Sherifdeen ní àpá kan lórí ìpéǹpéjú, irin fíríìjì ló ṣe é léṣe. Ọjọ́ ayé Rodiat, ibi kan náà ló ti ń rí àpá yẹn. Nínú dígí, ó ti sọdá sí ìpéǹpéjú kejì. Kì í sì í ṣe àpá nìkan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó máa ń fà sókè díẹ̀ tó bá ń ronú ti fà sí apá ibòmíràn. Orí rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún ti tẹ̀ sí òsì. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló jọ, tí wọn ò jọ gbélé rí. Ó yíjú wo Sherifdeen gan-an tó dúró tì í: ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó wo dígí: ẹlòmíràn. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Dádì Lateefah," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ṣé bí ẹ ṣe máa ń rí mi láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ mí nìyẹn? Èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Bí gbogbo ayé ṣe ń rí ọ ni. Ìwọ nìkan lo mọ obìnrin inú dígí."

Ó jókòó sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń yìn ín ní Ìsẹ́yìn, ojú orí bánà ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé ó rẹwà. Ọ̀rọ̀ tí Diamond sọ nídìí géètì, òtítọ́ ló sọ, ó sì fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ó yẹ kí ìyẹn tù ú nínú, àmọ́ ojú túbọ̀ tì í ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n bà á jẹ́ lóòótọ́, ì bá ní àwáwí kan. Báyìí, wọn ò ṣe é ní nǹkan kan.

Sherifdeen ká fọ́tò náà. "Ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

"Màá sọ ọ́ lọ́la."

"Ṣé kí n tẹ̀lé ọ?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí n dá lọ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé, ó dúró ní kíláàsì ńlá yẹn níwájú Mọ́mì àti gbogbo olùkọ́, ó gbé ojú ara rẹ̀ lé orí tábìlì, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dígí, ó sọ̀rọ̀ réésà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ bó ṣe kéré tó lẹ́nu rẹ̀: nítorí ẹnu tó wọ́ díẹ̀. Nígbà tó parí, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹlòmíràn gbà á, ẹ̀rín gba gbogbo kíláàsì. Mọ́mì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"A gbààwẹ̀ nítorí rẹ," wọ́n ní.

"Ẹ forí jì mí, mà."

"Mo fi ọmọ yẹn sórí ìkúnlẹ̀. Èmi, tí mo tó bí i lọ́mọ." "Màá pe Diamond fúnra mi láti bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ, wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá a nílé. Kì í ṣe lórí fóònù."

Nígbà ọ̀sán, ó pe Ìsẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ dé ìparí, kò já lu ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni màmá figbe ta. "Rodiat! Àdúà tí a ṣe ńkọ́? A ní kó padà sórí ẹni tó gé e!" Rodiat gbọ́ tí wọ́n ń wá bàtà, tí wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n bá àwọn pe ọlọ́kadà, àwọn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Àfáà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó tètè bá àwọn yí i padà. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá yẹn? Kí ni mo máa ní ó ṣẹlẹ̀?" Wọ́n pa fóònù náà.

Ṣógúnlé ni Diamond ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nínú ilé onípálọ̀ kékeré kan. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Rodiat dé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá náà kò sọ pé kí ó dìde, kò sì sọ pé kí ó má dìde. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. "Wọ́n ti pè wá láti ilé-ìwé," wọ́n ní. "Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ pé wọ́n ní ọmọ mi fẹ́ fi ojú èèyàn ṣe nǹkan. Àwọn wọ̀nyẹn, ta ló máa pe wọ́n?"

Diamond jáde wá, ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Diamond, jọ̀ọ́, dárí jì mí," Rodiat wí. "Iṣẹ́ èṣù ni."

"Iṣẹ́ èṣù kọ́, Àǹtí Rodi." Kò pariwo rárá. "Kì í ṣe pé ẹ gé e ló ń dùn mí. Ojú yín ni, tí ẹ bá fẹ́, ẹ dáná sun ún. Ṣùgbọ́n mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo pe orúkọ yín. Mo ní ẹ mọ̀ mí. Ẹ wá fi áńkáṣíìfù nu ojú."

"Ojú ń tì mí," Rodiat wí.

"Ó yẹ kó tì yín," Diamond dáhùn, ó sì wọlé.

Ìyá Diamond fẹ́ eruku ẹ̀wà dànù. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ pé, "Dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Diamond padà sẹ́nu iṣẹ́. Mọ́mì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn olùkọ́ jẹ́léósimi. Àwọn olùkọ́ kan ń pe Rodiat ní "Àǹtí Réésà" lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbọ́, kò bá wọn jà. Ọ̀dọ̀ Diamond ni ọkàn rẹ̀ wà. Ọmọbìnrin tó máa ń sáré pàdé rẹ̀ láràárọ̀ ti ń gba ẹ̀yìn kíláàsì wọlé báyìí kí wọ́n má bàa pàdé.

Rodiat bá bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé. Òun tó jù ú lọ ní bí ọdún méjìlá, òun ló ń lọ dúró lẹ́nu kíláàsì rẹ̀.

"Diamond, o káàárọ̀."

"Ẹ káàárọ̀, mà," Diamond á dáhùn, bí ẹni ń kí òbí tí kò mọ̀ rí, á sì kọjá sínú kíláàsì lọ to àga.

Lọ́jọ́ kejì, Rodiat á tún dé ibẹ̀.